Òrí Tí Mo Fi Pa Ètè

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọyẹ́ wọ Jos, láti ọjọ́ náà ni àyà mi ò ti balẹ̀. Mo ń jí, mo ń na ètè, mo ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò, mo tún ń jókòó. Àwọn aládùúgbò mi ní Laranto rò pé àdúrà ni mo ń gbà.

Talatu ló ní kí n kọ ìwé yìí. Òun ló ń darí ilé iṣẹ́ wa báyìí, ilé iṣẹ́ tí a ti ń lọ sányán àti ìyẹ́ adìyẹ títí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú, nítòsí Tina Junction. Ó gba ọmọbìnrin mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, wọ́n sì ń bi í bóyá iṣẹ́ yìí tó ohun tí èèyàn ń fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Talatu ní, "Mama Dọ̀káàsì, ẹ bá mi kọ ọ́ fún wọn. Ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ tó fi parí rẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ẹ̀yin ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo kí yín. Dọ̀káàsì Àdùkẹ́ ni mí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, akọ̀wé rélùwéè ni, Jos ni wọ́n sì bí mi sí. Yorùbá tí mo ń sọ, Hausa ti bù jẹ lára rẹ̀, ẹ bá mi fara dà á. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ti pẹ́ gan-an tí a ti jọ lẹ́búlẹ́bú nínú ọyẹ́ gbẹ̀yìn, nítorí ọjọ́ tí a ṣe é kẹ́yìn, iná ṣẹ́ yọ nínú yàrá asẹ́, ó sì jó ìyá Talatu. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé iná jó o. Ohun tó fà á, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Ní báyìí, Talatu ti ra ẹ̀rọ tuntun, ó sì ti sọ pé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jọ̀, ọyẹ́ tàbí òjò. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò wà nínú yàrá náà pẹ̀lú rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti wà lọ́jà yìí tipẹ́, orí ọmọ ti wọ́, mo sì ń wo ibòmíràn. Nítorí náà, n ó sọ ọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀, torí bí mo bá fò débẹ̀, ẹ ò ní mọ bí ohun tí mo bà jẹ́ ṣe tó.

Bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀. Bàbá mi àti Bàbá Oyèlékè jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi ní ọmọ òun kàn jókòó sílé, Bàbá Oyèlékè ní kó máa bọ̀ lọ́la. Owó iṣẹ́ náà tó jẹun, kò tó ṣe fáàrí. Ó tán.

Bàbá Oyèlékè ni ọ̀gá wa. Wọ́n ga, wọ́n tín-ínrín, òwú ni wọ́n fi ń so awò ojú wọn mọ́ etí. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà rí kí wọ́n tó dá tiwọn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń lọ ohun líle títí yóò fi kúnná, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ ìbẹ̀rù. Mo bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀, Rifkatu, ọmọ Berom. Ọdún kan péré ló fi ṣáájú mi, ṣùgbọ́n ó ń ṣe bí ẹni pé òun ló bí mi. Hausa la jọ ń sọ, ó sì ti kọ́ Yorùbá lẹ́nu Bàbá débi pé ó ń fi bú mi.

Odindi ọdún kan àti ààbọ̀, ìyẹ́ ni mo fọ̀. Mo máa ń lọ kó o lọ́dọ̀ àwọn tó ń pa adìyẹ ní Terminus, nínú àpò, òórùn rẹ̀ á sì ti ṣáájú mi wọ ọkọ̀. Àwọn èrò á rọra máa sún ìdí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lọ́jọ́ kan, obìnrin àgbà kan bi mí bóyá òkú ni mo gbé. Mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, mo sá a, a wá sè é nínú ìkòkò irin tí a dé pa títí tó fi rọ̀ tó sì lè fọ́ lábẹ́ ọlọ. Àwọn olóko kábéèjì àti tòmátì ló ń ra lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ láti fi bọ́ ilẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ púpọ̀ nídìí ìyẹ́. Bàbá á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n á ní, "Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná," wọ́n á sì máa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹ́ ni wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan sányán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ sányán mọ́ aṣọ àwọn bàbá ńlá nìkan, ẹ gbọ́. Kòkòrò kan tí à ń pè ní ekùku ló ń hun ún. Lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, orí igi àjàgbọn ni wọ́n ti ń ká ilé rẹ̀, àwọn Hausa tó ń ká a ló sì ń kó o wá fún wa láti ọ̀nà Bauchi. Èyí tó dára, àwọn ahunṣọ ti rà á tán. Èyí tó ti ya, tí òwú rẹ̀ ti já, ìyẹn ni tiwa. A ó fi káún sè é kí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè lè ṣí kúrò. A ó ṣàn án, a ó sá a, a ó fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́wẹ́, a ó gún un, a ó lọ̀ ọ́, a ó wá jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èyí tó bá bọ́ sábẹ́ asẹ́ kẹta, bí ẹ bá fi pa ẹ̀yìn ọwọ́, ẹ ò ní rí i mọ́. Ẹ ó kàn rí i pé ara yín ti jọ̀lọ̀. Àwọn tó ń ṣe àtíkè ló ń rà á, pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ìwẹ̀ fún ọmọ tuntun. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀.

Bàbá le. Tí a bá jọ̀ tán, wọ́n á fi ìka bu díẹ̀ sáàárín eyín iwájú, wọ́n á pa ojú dé.

"Ṣé ó ti kúnná?"

"Ó ti kúnná, Bàbá."

"Eyín mi gbọ́ ohùn rẹ̀. Dá a padà."

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta á padà sẹ́nu ọlọ. Rifkatu á fojú bá mi wí pé kí n má sọ̀rọ̀. Ìgbà kan, mo jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, eyín wọn ṣì gbọ́ ọ. Mo bú wọn nínú mi ní Yorùbá àti Hausa.

Ṣùgbọ́n líle tí wọ́n le lórí kíkúnná, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe le lórí iná. Wọ́n mú wa lọ sẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan, wọ́n tan àbẹ́là sórí òkúta, wọ́n ní ká dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n wá fẹ́ ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun àgbàdo lásán sí i. Iná náà fò sókè, ó ga ju Bàbá lọ, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Rifkatu dì mọ́ mi. Bàbá ní, "Ìyẹ̀fun tó wà nínú abọ́, oúnjẹ ni. Èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́, ìbọn ni." Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé nínú ọyẹ́, ara èèyàn àti asẹ́ fúnra rẹ̀ ń ta iná kékeré. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá bọ́ súwẹ́tà lówùúrọ̀, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń ta pá-pá-pá lára yín. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ wọ náílọ́ọ̀nù wọ yàrá asẹ́, aṣọ òwú nìkan ni. A ó fi ọwọ́ kan òpó irin tó wọ ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé. A ó wọ́n omi sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti gbẹ kọjá ìwọ̀n kan, a kò gbọdọ̀ jọ̀ rárá.

Báwo la ṣe máa mọ ìwọ̀n yẹn? Bàbá ò ní ẹ̀rọ tó ń wọn gbígbẹ afẹ́fẹ́. Ètè èèyàn ni tiwọn.

Bí ọyẹ́ bá ti ń bọ̀, Bàbá á yan ẹnì kan láàárín wa, ẹni náà ni ètè ilé iṣẹ́ títí ọyẹ́ yóò fi lọ. Kò gbọdọ̀ fi òrí pa ètè, kò gbọdọ̀ fi bàsílíìnì pa á, kò gbọdọ̀ jẹ ohun olóròóró láàárọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná nìkan. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí yàrá asẹ́, a ó bi í pé, "Ètè ń kọ́?" Yóò na ètè rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bí kò bá là, á ní, "Ó dáa," a ó sì jọ̀. Bí ó bá là, á ní, "Ó ti là," gbogbo wa á lọ máa gé, a ó máa gún, a ó máa se káún, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan asẹ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá ló kọ́kọ́ ṣe é fúnra wọn fún ọdún púpọ̀. Wọ́n gbé e fún Rifkatu. Ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé e fún èmi.

Iyì ni. Ìyà sì ni. Nínú ọyẹ́ Jos tí gbogbo ayé ń fi òrí pa ara, kí ètè èèyàn máa ṣẹ̀jẹ̀, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin máa bi í bóyá àìsàn ni. Mo fara dà á fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Ọdún yẹn gan-an ni àwọn ará ilé àfẹ́sọ́nà mi ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Sámúẹ́lì lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni. Ìyá rẹ̀ kò rí mi rí. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń bọ̀, a ó sì lọ ya fọ́tò ní Terminus kí wọ́n lè mú un lọ fi han gbogbo agbo ilé. Mo wo dígí, mo rí ètè mi, mo ní èyí kò ní ṣeé ṣe. Irọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kọ́kọ́ fi òrí pa á, díẹ̀. Mo tún ṣe é lọ́jọ́ Rú, mo ṣe é lọ́jọ́bọ̀. Láàárọ̀, mo á fi aṣọ nù ún dáadáa kó má baà dán lójú Rifkatu. Àwọ̀ rẹ̀ ṣì dà bí ètè gbígbẹ, ṣùgbọ́n lábẹ́, ó ti rọ̀.

Bàbá ò sí nílé. Ẹ̀gbọ́n wọn kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n lọ sin ín. Kí wọ́n tó wọkọ̀, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yàrá asẹ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ìwọ ni ètè. Ohun tí ètè bá sọ ni kí ẹ ṣe."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó ń ṣe àtíkè ti ránṣẹ́ sí wa pé òun ń retí. Rifkatu ti wọ aṣọ òwú rẹ̀, ó ti wọ́n omi sílẹ̀, ó ti fọwọ́ kan òpó irin. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀ nígbà náà, oyún Talatu. Ó yíjú sí mi.

"Ètè ń kọ́?"

Mo na ètè. Kò là.

"Ó dáa," ni mo wí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibi tí ẹ̀bi mi wà. Kì í ṣe pé mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ gbẹ tí mo sì purọ́. Mo na ètè, kò là, mo sì gbà á gbọ́. Osùwọ̀n tí mo fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́ ni mo tún gbé, tí mo ní ó sọ òótọ́. Ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo tilẹ̀ ń kọrin.

Mo wà níta nídìí káún nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kò pariwo tó bí ẹ ṣe lè rò. Ó dún bíi ìgbà tí èèyàn gbọn ẹní ńlá lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀. Rifkatu jáde wá, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó gbé nǹkan, kò sì gbé nǹkan kan. Irun iwájú orí rẹ̀ ti lọ. Kò sunkún. Ó wò mí, ó ní, "Dọ̀káàsì, ètè ti purọ́."

Mo fi àpò tí a rẹ sómi bò ó. Alágbàṣe kan ní ẹ̀gbẹ́ wa fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí ọsibítù. Ní gbogbo ọ̀nà, ohun tí mo ń sọ nínú mi ni pé Ọlọ́run má jẹ́ kí oyún náà bọ́. Kò bọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Rifkatu kò padà sí bó ṣe wà. Awọ ara rẹ̀ fún, ìka méjì lẹ̀ mọ́ra lọ́wọ́ òsì, àpá sì wà lọ́rùn rẹ̀ títí dòní. A sún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ síwájú. Nígbà tí a wá ya fọ́tò náà nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ tí mo lò ní ọsibítù, ètè mi ti là yánnayànna. Ó wà lára ògiri pálọ̀ mi, ẹ lè wá wò ó.

Bàbá dé ní ọjọ́ kẹrin. Wọn ò tíì bọ́ aṣọ ìrìnàjò tí wọ́n fi pè mí.

"Kí ni ètè wí lọ́jọ́ náà?"

"Ó ní ó dáa, Bàbá."

Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n wo ètè mi fún ìgbà pípẹ́. "Ṣé o fi nǹkan kan pa á?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo rí ojú Rifkatu nínú mi, mo rí ojú bàbá mi, mo rí àwọn ará ilé Sámúẹ́lì tí wọn ò tíì rí mi rí. Mo ní, "Rárá, Bàbá."

Wọ́n mi orí. Wọ́n jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "A jẹ́ pé èmi ni mo fi irọ́ kọ́ yín láti ọjọ́ yìí wá."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sílé bàbá Rifkatu. Bàbá Oyèlékè, tí ọjọ́ orí wọn ju ti bàbá Rifkatu lọ fíìfíì, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ eléruku níwájú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ni àwọn ṣe é, àwọn ni àwọn gbára lé ohun tí kò tó gbára lé. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bàbá Rifkatu ń fi Hausa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìde. Mo dúró.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò bi ẹnikẹ́ni pé "Ètè ń kọ́?" mọ́. Bàbá fòfin de jíjọ̀ nínú ọyẹ́ pátápátá. Wọ́n dàgbà lójijì. Tí mo bá gbé lẹ́búlẹ́bú dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á kàn wò ó, wọ́n á ní ó dáa, wọn ò fi sáàárín eyín mọ́. Èmi tí mo ti ń bú wọn tẹ́lẹ̀, mo wá ń gbàdúrà pé kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n sọ pé eyín wọn gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kú, wọn ò bímọ, wọ́n fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún Rifkatu àti èmi. Mo ti ní kí n sọ fún wọn lórí àkéte àìsàn. Mo gbé omi mímu lọ fún wọn, mo sì gbé omi náà bọ̀, mi ò sọ ọ́.

Iṣẹ́ yí padà lójú wa. Odó àti ọlọ lọ, ẹ́ńjìnnì ìlọta dé, ariwo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wá di adití. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ oníná mànàmáná dé, ṣùgbọ́n iná kì í sábà sí. Asẹ́ aláṣọ lọ, asẹ́ onírin dé. Rifkatu kò lè lo sísọ́ọ̀sì mọ́, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ mọ ìgbà tí káún tó láti ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo ń jọ̀. Àwọn oníbàárà á wá nínú ọyẹ́, mo á ní òtútù ń mú mi, mo á ní ẹ̀yìn ń dùn mí, mo á ní ẹ padà wá nígbà òjò. Àwọn kan rò pé ọ̀lẹ ni mí. Kò burú.

Ní gbogbo ọyẹ́, awọ ọwọ́ Rifkatu máa ń fà á, ó máa ń ya. Láti ọdún yẹn wá, èmi ni mo ń lọ fi òrí pa á fún un nírọ̀lẹ́. Òrí kan náà. Ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé Ọlọ́run fi Dọ̀káàsì jíǹkí òun. Ẹ wo ohun tí mo ti ń gbọ́.

Ní báyìí, ẹ̀rọ Talatu dé. Ó dára, mi ò ní purọ́. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, asẹ́ wà nínú rẹ̀, ó ní okùn tó wọ ilẹ̀ láti gbé iná kékeré lọ. Mo bi í pé ilẹ̀ ọyẹ́ tó gbẹ bí eegun yìí ń kọ́, ṣé ó mọ̀ bóyá okùn náà á ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jẹ́ ká dá ètè padà. Ó ní, "Mama, ìyá mi ti sọ fún mi nípa ètè yẹn. Wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kó sọ òótọ́, ó purọ́."

Ẹ ò rí i? Bàbá kú pẹ̀lú irọ́ mi, Rifkatu gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ tìtorí rẹ̀ wọ yàrá asẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ètè kò purọ́ rí. Èmi ni mo purọ́.

Ẹ ti béèrè bóyá iṣẹ́ náà dára. Ó dára. Á bọ́ yín, á fún yín ní sùúrù, ọwọ́ yín á sì mọ ohun tí ojú ò lè rí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó di òfin fún ẹlòmíràn.

Mo kọ ọ́ dé ibí lọ́jọ́ Sátidé. Èyí tó kù yìí, lónìí Ajé ni mo ń kọ ọ́.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, mo di ìwé náà mọ́ra, mo gbé ike òrí, mo lọ sílé Rifkatu. Ó jókòó sínú oòrùn lẹ́bàá ògiri. Mo kọ́kọ́ fi òrí pa ọwọ́ rẹ̀, ojo ni mí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú tèmi nígbà tí mo ṣí ìwé tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, tí mo ń yí i sí Hausa fún un. Talatu gbọ́ ohùn mi, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ní "Rárá, Bàbá," Rifkatu fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Mo kà á tán.

Rifkatu ní, "Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi."

"Mo mọ̀."

"Bàbá dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, Dọ̀káàsì. O wà níbẹ̀. O dúró."

"Mo dúró."

Kò sọ nǹkan kan nípa ọwọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Talatu sìn mí dé ojú títì, kò pè mí ní Mama. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti rántí pé mo gbàgbé ike òrí.

Láàárọ̀ yìí, mo ti wọ aṣọ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo fẹ́ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá asẹ́, kí wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀ bí wọ́n bá lè gbé mi. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, Talatu ló dúró níwájú mi, ó fi gèlè di etí nítorí òtútù. Kò kí mi. Ó wo ojú mi.

"Ètè ń kọ́?"

Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yẹn rí láyé rẹ̀. Mo na ètè. Ó ya láàárín, mo tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò.

"Ó ti là," ni mo wí.

"Tóò. A ò jọ̀ lónìí." Ó fi fóònù pè yín níbẹ̀ níwájú mi, ó ní kí ẹ máa gé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Ó wá mú ike òrí mi jáde lábẹ́ aṣọ ìborùn rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Mama, ìyá mi ní kí ẹ gbé e bọ̀ nírọ̀lẹ́, ọwọ́ ń dun àwọn. Wọ́n ní tí ẹ bá pa á fún àwọn tán, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa, kó má baà kan ètè yín."